Ṣé òótọ́ ni pé apá kan làwọn ọ̀jọ̀gbọ́n fásitì ń gbè? Ohun tó wà nídìí awuyewuye Amẹ́ríkà

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2025, ìjọba Ààrẹ Donald Trump kọ lẹ́tà kan sí Fásitì Harvard. Ohun tí wọ́n béèrè níbẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí mo kà lákàtúnkà. Wọ́n ní kí Harvard wá ẹnì kan láti òde tí ìjọba fọwọ́ sí, kí onítọ̀hún yẹ èrò àwọn olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ wò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, kó wá sọ bóyá èrò wọn yàtọ̀ síra tó. Ẹ̀ka tí gbogbo wọn bá ti ń ronú bákan náà, kí wọ́n gba àwọn olùkọ́ tuntun síbẹ̀ títí èrò yóò fi yàtọ̀ síra. Nígbà tó di ọjọ́ 14, Harvard ní àwọn ò gbà. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé owó ìwádìí tó tó bílíọ̀nù 2.2 dọ́là.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Lẹ́tà yẹn kò ṣẹ̀yìn ẹ̀sùn kan tó ti pẹ́ nílẹ̀: pé apá òsì ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wà, pé wọ́n ń gbin èrò òṣèlú tiwọn sọ́kàn àwọn ọmọ tí òbí fi rán wọn, pé wọ́n sì ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí èrò rẹ̀ yàtọ̀. Apá òsì tí à ń sọ ni àwọn tó fẹ́ kí ìjọba máa dá sí ọ̀rọ̀ àìdọ́gba láàárín ọmọ ènìyàn, tí wọ́n sì ń fẹ́ kí òfin àti àṣà máa yí padà. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ Democrat ni púpọ̀ nínú wọn ń dìbò fún. Apá ọ̀tún ni àwọn tó fẹ́ kí á rọra ṣe pẹ̀lú àṣà àtijọ́, tí wọ́n fẹ́ kí ìjọba kó ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nínú ọjà. Republican ni tiwọn.

Kí n sọ ibi tí mo dúró sí kí á tó lọ jìnnà. Òótọ́ wà nínú ẹ̀sùn náà. Ṣùgbọ́n ibi tí àwọn olóṣèlú ń nawọ́ sí kọ́ ni òótọ́ ọ̀hún wà, oògùn tí wọ́n sì ń fún aláìsàn yìí lè ṣe é ní ibi ju àìsàn lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka orí wọn ná. Ní 2006, àwọn onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá méjì, Neil Gross àti Solon Simmons, fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí àwọn olùkọ́ fásitì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì káàkiri Amẹ́ríkà. Àwọn 1,417 ló dá wọn lóhùn. Ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún wà lápá òsì, nǹkan bí ìdá 46 wà láàárín, ìdá 9 péré ló wà lápá ọ̀tún. Ní 2018, olùwádìí mìíràn, Mitchell Langbert, gba ọ̀nà mìíràn. Kò béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn olùdìbò ló lọ tú wò. Ó yẹ orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n 8,688 wò ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì 51 tó gbayì, ó sì rí i pé bí Republican kan bá wà, Democrat tó ju mẹ́wàá lọ ló wà. Ní nǹkan bí kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́rin nínú mẹ́wàá, kò rí ẹyọ Republican kan.

Àwọn tó ń pariwo máa ń dúró síbẹ̀. Kò yẹ kí á dúró síbẹ̀. Nínú iṣẹ́ Langbert kan náà, tí èèyàn bá wọ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ, Democrat kò tó méjì sí Republican kan. Nínú ìwádìí mìíràn tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní 2016 ní àwọn fásitì ńlá 40, ẹ̀ka ètò ọrọ̀ ajé ní Democrat mẹ́rin àbọ̀ sí ẹnì kan, ẹ̀ka ìtàn sì ní mẹ́tàlélọ́gbọ̀n àbọ̀ sí ẹnì kan. Ọ̀nà ìtàn àti ọ̀nà ẹ̀rọ kò jọra rárá. Bákan náà, nínú àwọn 8,688 yẹn, nǹkan bí mẹ́rin nínú mẹ́wàá ni kò forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ ìkankan nínú ẹgbẹ́ méjèèjì, kò sì ka àwọn yẹn mọ́ ìṣirò. Síbẹ̀, bó ti wù kí á ṣẹ́ ẹ kù tó, ìtẹ̀sí náà ò kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá ní kò sí i, ojú rẹ̀ ni kò fẹ́ là.

Kí ló wá fà á? Ẹni tó bá dá èyí lóhùn lẹ́nu kan, ẹ máa ṣọ́ra fún un.

Àwọn apá ọ̀tún ní ojúsàájú ni: wọn kì í gba tàwọn síṣẹ́. Ẹ̀rí díẹ̀ wà fún èyí, ó sì burú létí. Ní 2012, Yoel Inbar àti Joris Lammers bi àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá léèrè bóyá, tí ẹni méjì bá wá iṣẹ́ wá tí ìwé wọn dọ́gba, wọn yóò fi ẹni tó wà lápá ọ̀tún sílẹ̀ gba ẹni tó wà lápá òsì. Ó lé ní ẹnì kan nínú mẹ́ta tó gbà pé ó ṣeé ṣe kí òun ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnu ara wọn ni wọ́n fi sọ ọ́ o. Nígbà tí Gross àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ wá fi ọgbọ́n dán an wò, ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n rí. Wọ́n kọ lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì sí àwọn tó ń bójú tó ìgbàwọlé fún oyè gíga, bí ẹni pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ló fẹ́ wọlé. Nínú àwọn lẹ́tà kan, akẹ́kọ̀ọ́ náà mẹ́nu bà á pé òun bá Obama ṣiṣẹ́ ìpolongo ìbò ní 2008; nínú àwọn mìíràn, McCain, Republican tó bá Obama díje, ló ní òun bá ṣiṣẹ́. Ìdáhùn tí wọ́n rí gbà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, ó dà bíi pé kò tì tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Bóyá inú ilé ni ìṣòro wà.

Àlàyé tí Gross fúnra rẹ̀ ṣe ni pé iṣẹ́ a máa ní àwọ̀. Bí ọ̀pọ̀ ọkùnrin kì í ti í ronú kan iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nítorí pé obìnrin ni wọ́n ń rí nídìí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tó dàgbà nílé àwọn apá ọ̀tún kì í rí ara rẹ̀ nínú agbádá ọ̀jọ̀gbọ́n. Kò sẹ́ni tó lé e, òun gan-an ni kò kàn yà síbẹ̀. Matthew Woessner àti April Kelly-Woessner, tọkọtaya tí wọ́n jọ jẹ́ onímọ̀ òṣèlú, tí ọkọ jẹ́ Republican, tí ìyàwó jẹ́ Democrat, wá ìdí rẹ̀ lọ lọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n rí i pé àwọn apá ọ̀tún a máa ka owó tó jọjú àti títọ́ ọmọ sí gan-an, wọ́n sì sábà máa ń lọ sí ẹ̀ka tó ń bí iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó fẹ́ tètè gbéyàwó kó sì kọ́lé, kí ló fẹ́ fi ọdún mẹ́fà tàbí méje lé oyè ọ̀mọ̀wé lórí owó tí kò tó nǹkan?

Ìyẹn fi hàn pé ìtẹ̀sí kì í ṣe ẹ̀rí ìwà ìkà. Àmọ́ kò sọ ohun tí ìtẹ̀sí náà ń ṣe bó bá ti wà, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà.

Ní ti kíláàsì, ẹ̀rù tí wọ́n ń dá ba àwọn òbí ti pọ̀ jù. Mack Mariani àti Gordon Hewitt tẹ̀lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ọdún àkọ́kọ́ dé ọdún tí wọ́n jáde, wọ́n sì gbé èsì wọn jáde ní 2008: wọn kò rí i pé èrò òṣèlú àwọn olùkọ́ ló ń yí tàwọn ọmọ padà. Ìyípadà díẹ̀ tó bá àwọn ọmọ náà, irú rẹ̀ ló ń bá àwọn ojúgbà wọn tí kò lọ sílé-ẹ̀kọ́ gíga. Ẹni tó bá ti kọ́ ọmọ ọdún 19 rí yóò mọ̀ pé kò rọrùn láti mú wọn ka ìwé tí a ní kí wọ́n kà, áńbọ̀sìbọ́sí ká yí wọn lọ́kàn padà. Ọ̀rọ̀ máàkì ńkọ́? Talya Bar àti Asaf Zussman wo máàkì ní fásitì ńlá kan, wọ́n sì gbé ìwádìí wọn jáde ní 2012. Àwọn olùkọ́ Republican ń jẹ́ kí máàkì jìnnà síra, ẹni tó mọ̀wé ń gba púpọ̀, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ń gba kékeré. Àwọn Democrat ń jẹ́ kó sún mọ́ra. Lọ́dọ̀ àwọn Republican, máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú tún lọ sílẹ̀ sí i bí a bá fi wé tàwọn aláwọ̀ funfun. Òṣèlú olùkọ́ ń yọjú nínú máàkì lóòótọ́, àmọ́ apá méjèèjì ló ti ń yọjú.

Ibi tó ń kó ìrònú bá mi ni ìwádìí.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá pé jọ sí San Antonio ní ìpínlẹ̀ Texas. Ọ̀kan nínú wọn, Jonathan Haidt, dìde sọ̀rọ̀ níwájú nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn. Ó ní kí àwọn tó wà lápá òsì nawọ́ sókè. Gbọ̀ngàn kún fún ọwọ́. Ó fojú díwọ̀n rẹ̀ sí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ní kí àwọn tó wà lápá ọ̀tún nawọ́. Ọwọ́ mẹ́ta ló rí. Ẹ rántí iṣẹ́ tí àwọn èèyàn yìí ń ṣe: àwọn ló ń wádìí ohun tó ń mú kí èèyàn kórìíra ẹlòmíràn, àwọn ló ń sọ ẹni tí orí rẹ̀ kunkun àti ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Tí apá kan ṣoṣo bá ń wádìí apá kejì, tí kò sí ẹni tí yóò bi í pé, “Ẹ̀yin náà ńkọ́?”, bí irọ́ kò bá tilẹ̀ wọ inú iṣẹ́ náà, àbùkù yóò wọ̀ ọ́. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Bí àbùkù ọ̀hún ṣe ń wọlé, ẹ̀rí kan wà tó fi hàn bí ẹni fi ìka tọ́ka sí i. Àwọn onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá kan, tí Nate Breznau wà lára wọn, kó àwọn olùwádìí jọ ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́. Wọ́n fún gbogbo wọn ní dátà kan náà àti ìbéèrè kan náà: bí àwọn àjèjì bá ń pọ̀ sí i nílùú, ṣé ó ń dín ìfẹ́ tí àwọn ará ìlú ní sí ètò ìrànlọ́wọ́ ìjọba kù? Wọ́n kọ́kọ́ bi olúkúlùkù léèrè bóyá ó fẹ́ kí òfin ìwọ̀lú rọ̀ tàbí kó le. Èsì tí wọ́n kó wálé kò fẹnu kò rárá: àwọn kan ní ó ń dín in kù, àwọn kan ní ó ń fi kún un, àwọn kan ní kò kàn án. Nígbà tó yá, Breznau àti George Borjas tó jẹ́ onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní Harvard tún padà wo iṣẹ́ ọ̀wọ́ 71 nínú wọn. Àwọn tó fẹ́ràn kí àjèjì máa wọlé ló rí i pé ó ń ṣe rere. Àwọn tí kò fẹ́ ẹ ló rí i pé ó ń ba nǹkan jẹ́. Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú wọn o. Ọ̀nà ìṣirò ló pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ti orílẹ̀-èdè wo la ó kà, ti ọdún wo la ó fi sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń yan èyí tí wọ́n ń pa èyí tì, èrò ọkàn wọn ń darí wọn láìfura. Nígbà tí àwọn olùwádìí tó kù sì ń díwọ̀n iṣẹ́ ara wọn láìmọ ẹni tó ṣe é, iṣẹ́ tí èrò ti fà lọ jù, ní apá méjèèjì, ni wọn ò ka sí iṣẹ́ tó dára tó.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nìyẹn. Gbogbo wa la ní ìtẹ̀sí. Ohun tó ń mú kí ìmọ̀ mọ́ ni pé ọ̀tún ń wẹ òsì, òsì ń wẹ ọ̀tún, lójú gbogbo èèyàn. Ibi tí ọwọ́ kan ṣoṣo bá kù sí, kò sí bó ti lè wẹ ara rẹ̀ tó. Ẹ̀ka ìtàn tó ní ọ̀kan nínú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, kí ló fẹ́ fi wẹ̀?

Ìyàtọ̀ tún wà láàárín ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ní èrò tirẹ̀ àti fásitì tó fi orúkọ ara rẹ̀ gbè sẹ́yìn èrò. Ìgbìmọ̀ kan tí Harry Kalven darí ní Fásitì Chicago ti wí i láti 1967 pé ilé-ẹ̀kọ́ gíga jẹ́ ibùgbé àwọn alátakò, kì í ṣe alátakò fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló fi etí di ọ̀rọ̀ yẹn fún ọdún gbọọrọ, tí àwọn ààrẹ fásitì ń gbé ìkéde jáde lórí ọ̀rọ̀ òṣèlú tó bá ṣáà ti ń lọ. Ìgbà tí ogun Gásà bẹ̀rẹ̀ ní 2023 ni àṣírí tú. Ìkéde tó bá ti jáde, apá kan bínú. Tí kò bá jáde, apá kejì bínú. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n pe àwọn ààrẹ Harvard, Fásitì Pennsylvania (Penn) àti MIT, ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Massachusetts, síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní 2024, Penn àti Harvard ti pàdánù ààrẹ tiwọn. Harvard kéde ní oṣù Karùn-ún 2024 pé àwọn ò ní máa sọ̀rọ̀ mọ́ lórí ohun tí kò kan iṣẹ́ fásitì gan-an.

Ohun kan tún wà tí mo gbà pé àwọn apá ọ̀tún jàre lé lórí. Fún ọdún díẹ̀, ọ̀pọ̀ fásitì ní kí ẹni tó ń wá iṣẹ́ olùkọ́ kọ ìwé tó fi ń ṣàlàyé bí òun ṣe ń ṣètìlẹ́yìn fún àwọn èèyàn láti oríṣìíríṣìí ẹ̀yà àti ìran. Ohun tó dára ni wọ́n ń lépa. Àmọ́ onímọ̀ ìṣirò tí kò bá mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ gbọ́ lè pàdánù iṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ka ìṣirò rẹ̀. Fásitì California (University of California) wà lára àwọn tó lò ó jù, ilé-ẹ̀kọ́ yẹn gan-an ló sì yẹ kó rántí. Ní 1949, nígbà tí ẹ̀rù Kọ́múníìsì gba Amẹ́ríkà kan, àwọn alábòójútó rẹ̀ ní kí gbogbo olùkọ́ búra pé àwọn kì í ṣe Kọ́múníìsì. Ní 1950 wọ́n lé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n 31 tí wọ́n kọ̀ jálẹ̀, Edward Tolman tó jẹ́ àgbà nínú ìmọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ló sì ṣáájú wọn lọ sílé ẹjọ́. Ọdún 1952 ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní California tó dá wọn láre. Ní oṣù Kẹta 2025, fásitì náà dáwọ́ bíbéèrè ìwé ìṣètìlẹ́yìn yẹn dúró.

Láti ìgbà pípẹ́, ìjọba, olówó àti àwọn alábòójútó ló ti máa ń fẹ́ darí ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n ń sọ. Ní 1900, Jane Stanford, opó olówó ọkọ̀ ojú irin, mú kí wọ́n lé ọ̀jọ̀gbọ́n Edward Ross kúrò ní Fásitì Stanford nítorí ọ̀rọ̀ tó ń sọ ní gbangba. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ Ross ló dáa. Ó bú àwọn ará Éṣíà tó ń wọ̀lú. Síbẹ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Arthur Lovejoy tó wà lára wọn ló wá di ọ̀kan nínú àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Amẹ́ríkà sílẹ̀ ní 1915. Ẹ̀tọ́ pé wọn kò lè lé olùkọ́ tó ti fìdí múlẹ̀ láìnídìí, inú irú ìjà yẹn ló ti wá.

Ní báyìí, ìpínlẹ̀ Florida ni ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán oògùn tuntun wò. Òfin kan jáde ní 2022 tó ka àwọn èrò kan lórí ẹ̀yà sí ohun tí olùkọ́ ò gbọdọ̀ tì lẹ́yìn ní kíláàsì. Agbẹjọ́rò ìjọba dúró nílé ẹjọ́, ó ní ọ̀rọ̀ tí ọ̀jọ̀gbọ́n fásitì ìjọba bá sọ ní kíláàsì, ọ̀rọ̀ ìjọba ni. Ẹ tún un kà. Bí ìjọba bá yí padà lọ́la, ẹ̀kọ́ yóò yí padà nìyẹn. Adájọ́ Mark Walker dá òfin náà dúró fún àwọn fásitì ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn. Ní oṣù Kìíní 2023, Gómìnà Ron DeSantis yan àwọn alábòójútó tuntun mẹ́fà sí New College of Florida, kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní Sarasota tí ó wà lápá òsì pọ́ńbélé. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jókòó ni wọ́n yọ ààrẹ rẹ̀, Patricia Okker. Olóṣèlú Republican kan, Richard Corcoran, ló gbapò. Kí ọdún tó parí, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn olùkọ́ tó ti lọ. Wọ́n pa ẹ̀kọ́ nípa akọ àti abo rẹ́. Ní oṣù Kẹjọ 2024, àwọn èèyàn ya fọ́tò ìwé rẹpẹtẹ tí wọ́n dà sínú àpótí ìdọ̀tí ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìkàwé. Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ní ìwé àtijọ́ tí wọ́n máa ń ṣà kúrò ni àwọn tó ti ilé ìkàwé wá. Àwọn ìwé ibùdó ẹ̀kọ́ akọ àti abo wà nínú òkìtì náà.

Ní Húngárì, ìjọba Viktor Orbán ti ṣe irú rẹ̀ ní 2018: wọ́n yọ ẹ̀kọ́ akọ àti abo kúrò lára ohun tí fásitì lè fúnni ní oyè lé lórí, Central European University sì kéde lọ́dún yẹn kan náà pé òun ń kó kúrò ní Budapest lọ sí Vienna.

Fásitì Columbia tí ìjọba Trump fagi lé owó rẹ̀ tó tó 400 mílíọ̀nù dọ́là gbà láti san ju 200 mílíọ̀nù lọ ní oṣù Keje 2025 kí àlàáfíà lè wà. Harvard pẹjọ́ ní tirẹ̀, nígbà tó sì di ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án, Adájọ́ Allison Burroughs dájọ́ pé ìjọba tẹ ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ lójú; ìjọba pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní oṣù Kẹwàá, ìjọba tún gbé ìwé àdéhùn kan fún àwọn fásitì mẹ́sàn-án: ẹni tó bá fọwọ́ sí i, ojú rere owó ìjọba yóò wà lára rẹ̀. Lára ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kí wọ́n yí àwọn ẹ̀ka tó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú èrò apá ọ̀tún padà tàbí kí wọ́n pa wọ́n rẹ́. Èrò apá òsì kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ní òun fẹ́ kí òṣùwọ̀n dọ́gba kọ́ ló ń kọ irú ìyẹn.

MIT ló kọ́kọ́ kọ̀, ní ọjọ́ 10 oṣù náà. Ààrẹ wọn, Sally Kornbluth, fèsì pé bí iṣẹ́ ìwádìí bá ṣe dára sí nìkan ló yẹ kí wọ́n máa wò kí wọ́n tó fún un lówó. Púpọ̀ nínú àwọn tó kù tẹ̀lé e. New College of Florida kò sí lára àwọn mẹ́sàn-án tí wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sí, ṣùgbọ́n kí oṣù náà tó parí, òun fúnra rẹ̀ jáde, ó ní òun ti ṣetán láti fọwọ́ sí i.